Ẹ̀rọ Tó Ń Kùn Nílé Ọ̀gá

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ẹ̀rọ àwo orin náà fi ń kùn nínú ilé ọkùnrin tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe jù ládùúgbò. Oṣù méjì lẹ́yìn tó kú, ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pe ọmọọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, pé kó wá bá òun wò ó.

Ó ní àbúrò ọkọ òun ń bọ̀ wá gbé e lọ lọ́la. Kó tó lọ, òun fẹ́ jókòó síbi tó wu òun, kí òun sì gbọ́ àwo orin ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan péré láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọmọọṣẹ́ mọ ohun tó ń wí. Bí àlejò ṣe máa ń bá wọn nìyẹn nírọ̀lẹ́: ọ̀gá lórí àga, ìyàwó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ obìnrin náà lórí irin ẹ̀rọ. Bó bá gbé ọwọ́ kúrò, sípíkà a máa kùn bí oyin. Bó bá dá a padà, a dákẹ́. Ọ̀gá a sọ fún àlejò pé ọwọ́ ìyàwó òun ni àtúnṣe rẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kì í bá a rín in.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ó sì kú lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Obìnrin náà kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá ọmọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọkọ a kan ilẹ̀kùn títí, kò ní dá a lóhùn. Àsìkò yẹn ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tí àwo orin tí ọmọ fẹ́ràn kò ṣeé gbọ́ mọ́. Ọkọ wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pé nítorí ọmọ àwọn, kó wá bá òun fọwọ́ dì í mú.

Ọmọọṣẹ́ ki ẹ̀rọ àti ampilifáyà tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè bọ sókẹ́ẹ̀tì kan náà. Ó ṣì ń kùn. Ó pààrọ̀ okùn tó ń gbé ohùn, ó sún àwọn méjèèjì jìnnà síra. Kò yí padà. Ó fọwọ́ kan irin, kíkùn náà sì dáwọ́ dúró.

"Ọ̀gá ẹ ní ọwọ́ tòun kì í ràn án," ni obìnrin náà wí.

Ọmọọṣẹ́ ní bóyá ọwọ́ ọ̀gá ló ti gbẹ jù.

"Gbogbo ayé ló ń bá tún tiwọn ṣe," ni obìnrin náà wí. "Èmi ló sọ di wáyà nínú ilé ara mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn."

Ọmọọṣẹ́ dojú ẹ̀rọ dé, ó tú ìdí rẹ̀. Bébà pélébé-pélébé wà lára àwọn wáyà inú. Òfin ọ̀gá ni: wáyà tí o bá tú, so bébà mọ́ ọn, kọ déètì àti ìdí tí o fi tú u, kí ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn rẹ má baà ṣépè fún ọ. Kò sí ọmọọṣẹ́ tí kò jẹ ìkó lórí nítorí ẹ̀.

Wáyà tínrín tó yẹ kó so irin ẹ̀rọ mọ́ ampilifáyà kó má baà kùn kò já, kò jóná. Wọ́n ká a jọ dáadáa sí igun kan, bébà sì wà lára rẹ̀. Ó ka bébà náà, ó sì fi í sápò. Ó so wáyà padà, ó de síkúrù, ó gbé àwo orin lé e.

Obìnrin náà lọ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó jìnnà sí ẹ̀rọ. Orin náà mọ́ gaara dé ìparí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ohun tó rọrùn tó báyìí ni kò ráyè ṣe fún mi lọ́dún mọ́kànlá?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí," ni ọmọọṣẹ́ wí, ó sì na bébà náà sí i.

Déètì oṣù kejì lẹ́yìn ikú ọmọ wọn ló wà lókè, ìdí tí wọ́n fi tú wáyà sì wà nísàlẹ̀, ní ìkọ̀wé ọ̀gá: kí ìyàwó mi lè jáde wá jókòó tì mí.