Tọ́ọ̀ṣì Kejìlá

Ilẹ̀kùn ló jí Kàmọ́rù. Ó gbọ́ gbàgà, bí ìgbà téèyàn fẹsẹ̀ ti nǹkan. Nígbà tó lajú, mọ́tò ọlọ́pàá ti ń sáré lọ. Orí bẹ́ǹṣì tóóró ló dùbúlẹ̀ sí, nínú àhámọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń ti ọ̀daràn mọ́. Ilẹ̀kùn yẹn kò ṣeé ṣí láti inú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí láti 2009 ló ti ń fọ mọ́tò náà, ọdún keje rèé.

"Wọ́n ti mú mi," ló sọ sínú.

Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì náà ṣì wà níbẹ̀, nọ́ńbà kejìlá lára rẹ̀. Àná ló gbé e lọ sílé láìbèèrè, kó lè fi wá yẹtí ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Àárọ̀ yìí ló fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n bó ṣe fọ mọ́tò tán ni òòyì ń kọ́ ọ, ó ní kóun sinmi díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó ti gún abẹ́rẹ́ ṣúgà rẹ̀ kó tó kúrò nílé, kò sì tíì jẹun. Fóònù rẹ̀ wà nílé, ó ń gba iná.

Ikọ̀ márùn-ún ló ń pín mọ́tò yẹn lò: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lóru, méjì á máa sinmi. Bí ikọ̀ kan bá ń gbà á lọ́wọ́ èkejì, sájẹ́ǹtì á yẹ ẹrù inú rẹ̀ wò: asà ńlá, irin pupa tí wọ́n fi ń fọ́ ilẹ̀kùn, àpò ìtọ́jú ọgbẹ́, àwọn tọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ Kàmọ́rù nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ nọ́ńbà tọ́ọ̀ṣì.

Afusat ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀ pé mọ́tò ọlọ́pàá ló ń fọ̀. "Gáréèjì" ló sọ fún un, nítorí láti Ìbàdàn ni obìnrin náà ti ń bẹ̀rù ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá kan, Francis, ló ń wa mọ́tò, Phoebe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn nínú àwọn méjèèjì. Rédíò sọ̀rọ̀: "Kàmọ́rù. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Kúkúrú. Súẹ́tà búlúù."

"A ti gbọ́," ni Phoebe dáhùn.

Kàmọ́rù na ọwọ́ sí gíláàsì àárín, ó tún ká a kò. Nílé, ní Ìbàdàn lọ́hùn-ún, ẹni tó bá pariwo nínú mọ́tò ọlọ́pàá ni wọ́n ń kọ́kọ́ lù.

Wọ́n dúró níwájú mọ́ṣáláṣí kan ní Woolwich. Francis fi àwòrán kan han Munir, ọ̀rẹ́ Kàmọ́rù. Munir mi orí, ó sì káwọ́ lérí.

"Wọ́n ti bà mí jẹ́ dé mọ́ṣáláṣí," ni Kàmọ́rù sọ.

Phoebe ti ṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú búrẹ́dì àti ìgò ohun mímu aládùn kan. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú.

"Jẹ́ n mu ẹ̀kán kan," Francis bẹ̀ ẹ́.

"Fọwọ́ kàn án, kí n gé e. Ṣé tìẹ ni?"

Kàmọ́rù gbé itọ́ mì. Òógùn ti bò ó. Ó mọ̀ pé ṣúgà ara òun ti lọ sílẹ̀ jù, ó sì mọ̀ pé ìgò yẹn ni oògùn rẹ̀. Ó gbà pé ìyà ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ń jẹ òun.

Wọ́n já sí Thamesmead. Nígbà tí mọ́tò dúró, iwájú ilé Kàmọ́rù gan-an ni. Ó gbà pé wọ́n fẹ́ tú ilé. Afusat sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, gèlè lọ́wọ́. Kàmọ́rù kò fẹ́ kí wọ́n wọlé da ìyàwó rẹ̀ láàmú nítorí ohun tóun ṣe. Ó fi gbogbo agbára tó kù dìde, ó fara ti gíláàsì dúdú tó wà lẹ́yìn, ó yọ tọ́ọ̀ṣì, ó sì tan iná rẹ̀ sí àyà ara rẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé òun jẹ́wọ́.

"Màdáámù, ẹ má sunkún mọ́," ni Phoebe ń sọ níta, "láti aago mẹ́wàá àárọ̀ tẹ́ ẹ ti pè wá pé ọkọ yín kò wálé la ti ń wá a káàkiri, a tiẹ̀ ti ra ohun mímu tẹ́ ẹ ní ká fún un tá a bá rí i," ṣùgbọ́n Afusat kò wò ó mọ́, ẹ̀yìn mọ́tò ló tẹjú mọ́, ó ní, "Ta lẹ wá tì mọ́bẹ̀ yẹn, tó wọ súẹ́tà ọkọ mi?"