Òrùlé Jíìpù tí Bàbá Fi Ọ̀já Pọ̀n

Ẹ dákun, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó lágídí jù nínú ẹbí yín. Òun náà á mọ̀ pé òun lẹ ń bá wí.

1.

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀. Ẹ sọ fún un pé iná ń jó, "Mo ti mọ̀." Ẹ sọ fún un pé bàtà tó wọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, "Mo ti mọ̀."

Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé fi jíìpù àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un, èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé tú. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe òrùlé náà, ó le bí igbá, gíláàsì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà òjò, wọn á fi bóòtù dè é mọ́ ọkọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn á tú u, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn lórí.

Nígbà tí bàbá wà láyé, ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ tí wọ́n bá tú u. Bàbá á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á nù ún gbẹ, á pe gbogbo ilé. Kálukú á di igun kan mú.

"Ẹ rọra o! Ẹ gbé e bí ọmọ tuntun!"

Wọn á gbé e wọ gáráàjì. Àwọn ọ̀já tí ìyá fi pọ̀n àwọn ọmọ ni bàbá fi ń so ó kọ́ sókè àjà. Ó ní okùn lè ha á lára, àmọ́ ọ̀já fẹ̀, ó sì rọ̀. Á wá nawọ́ sókè, á gbá a pẹ́pẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Ó yá, sùn. Ó dìgbà òjò."

Bí òjò àkọ́kọ́ bá sì rọ̀, wọn á dè é padà, bàbá á kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀, wọn á máa yí àdúgbò ká. Wọn ò lọ síbì kankan o! Kí wọ́n ṣá gbọ́ bí òjò ṣe ń lu òrùlé náà ni, bí ẹni tó ń da àgbàdo sínú ọpọ́n. Ìyá á gbé orí lé èjìká bàbá. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn á máa yínmú.

2.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú bàbá dé. Ìyá pe ọmọ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Tí òjò bá padà dé, gbé mi yí àdúgbò ká. Jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ lórí ọkọ̀ yẹn."

"Màmá, ìyẹn ò le. Mo ti mọ̀."

Àmọ́ Mo-Ti-Mọ̀ ti sọ gáráàjì di ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé jígí ńlá síbẹ̀, pẹ̀lú àga tó ń yí. Àwọn ọ̀já ṣì ń fì lókè àjà. Oníbàárà kan wòkè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irun lẹ ń gẹ̀ níbí ni àbí ọmọ lẹ ń tọ́?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó. Ojú ti Mo-Ti-Mọ̀. Ó já gbogbo ọ̀já náà sílẹ̀.

3.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ télọ̀ ló tú òrùlé náà.

"Níbo la máa so ó kọ́?" ni télọ̀ béèrè.

"So kín ni kọ́? Àdán ni?"

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbé e sí, nínú oòrùn gangan. Wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n to ògbólógbòó táyà lé e lórí kí atẹ́gùn má baà gbé tapólì lọ. Ìyá jáde pẹ̀lú àwọn ọ̀já lọ́wọ́.

"Ọkọ mi, oòrùn á bà á jẹ́. Táyà yẹn sì wúwo. Gbé e sínú yàrá mi, kí n máa sùn ní pálọ̀."

"Màmá, ẹ kó àkísà yín wọlé, ẹ jọ̀ọ́! Ohun tó ń gba òjò sára, ṣé oòrùn ló máa wá pa á? Mo ti mọ̀."

Ìyá ká ọ̀já rẹ̀, ó wọlé.

4.

Mo-Ti-Mọ̀ ò ṣí tapólì yẹn wò rárá. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: nígbà tí èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, orí àwọn táyà yẹn ni oníbàárà ń jókòó sí dúró de irun!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú. Ìyá wọ aṣọ tí bàbá fẹ́ràn, ó lọ jókòó sórí ìjókòó iwájú nínú jíìpù. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọge.

"Ọkọ mi, ó ń bọ̀ o! Ẹ tètè gbé e wá!"

Mo-Ti-Mọ̀ àti télọ̀ sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n kó táyà kúrò, wọ́n ṣí tapólì. Télọ̀ súfèé. Àárín òrùlé ti rì bí bẹ́ẹ̀dì ẹni tó sanra. Wọ́n gbé e ka orí ọkọ̀: ọ̀tún jókòó, òsì dìde.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Ọ̀rẹ́, kò gbà o."

"Mo ti mọ̀! Ṣáà tẹ̀ ẹ́!"

Mo-Ti-Mọ̀ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Kà! Òrùlé là, gíláàsì sì fọ́ yángá sórí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń yínmú nígbà kékeré.

5.

Òjò dé. Ìyá ṣí agbòòrùn rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò lórí.

"Wá jókòó."

Mo-Ti-Mọ̀ jókòó tì í. Òjò ń lu agbòòrùn. Ìyá tẹ́tí, ó tẹ́tí gan-an, bí ẹni tó ń wá ìkànnì kan lórí rédíò.

"Ṣé ó jọ ọ́, Màmá?"

"Kò jọ ọ́."

Mo-Ti-Mọ̀ tẹrí ba. "Màmá, mi ò mọ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá fa ọ̀já kan yọ nínú báàgì, èyí tó mú wá láti fi nu gíláàsì. Ojú ọmọ rẹ̀ ló fi nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí òrùlé ọkọ̀ yín bá ṣeé tú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ so ó kọ́ síbi tí oòrùn ò dé, ẹ má sì gbé ohunkóhun lé e. Bí àgbà bá sì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.