Aṣọ Òjò Òbúkọ

Àlọ́ o! Àlọ́ mi já gììrì láti orí òkè, ó já lé Òbúkọ lórí, ó ta sí Ehoro lára.

Àwọn ẹranko ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gun òkè dé orí lọ́jọ́ òjò àkọ́rọ̀ ni yóò jẹ Baálẹ̀. Ni gbogbo wọn bá ya lọ sọ́dọ̀ Ọ̀bọ, tó ń ta aṣọ òjò.

Òbúkọ kò gbà pé ohun tó fúyẹ́ lè dára. Ó ní, "Ọ̀bọ, èyí tó wúwo jù ńkọ́?" Ọ̀bọ gbé awọ màlúù jáde. Òbúkọ fi gbogbo iṣu oko rẹ̀ rà á, ó sì ń yan.

Ehoro ní kí wọ́n bu omi wá. Ó da omi sórí awọ, awọ mu ún. Ó da omi sórí ewé kókò, omi yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀. "Èyí ni mo fẹ́!" Iṣu kan ṣoṣo ló san.

Òbúkọ bú sẹ́rìn-ín: "Ewé lásán lo fẹ́ fi joyè?"

Òjò dé! Wọ́n ki eré mọ́lẹ̀! Òbúkọ ló ṣíwájú, àmọ́ awọ ń mu omi, ó ń wúwo sí i, títí orúnkún rẹ̀ fi kanlẹ̀. Ehoro fò ó kọjá, ó ń kọrin:

Òbúkọ o, òkè ṣì jìn!
*Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ là ń lọ!*
Bó bá wúwo, bọ́ ọ dànù!
*Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ là ń lọ!*

Ehoro joyè. Òbúkọ ju awọ nù, ó sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé. Títí dòní, bí òjò bá ti ṣú, á ti sá. Ẹ bi í léèrè ìdí, yóò ní aṣọ ọjọ́sí ni kò wúwo tó.