Bákóòdù Kan Tó Ṣẹ́kù

"Ọ̀gá, ẹ ò ní yẹ àwọn àpò ẹ̀jẹ̀ yìí wò kí n tó kó wọn lọ?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Kí n yẹ kí ni wò? Ogún ọdún tí mo ti ń tẹ bákóòdù tó ń sọ irú ẹ̀jẹ̀, tí mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò, mi ò ṣì í rí. Kó wọn lọ, jàre!"

Nọ́ọ̀sì kó ogún àpò náà, ó di yàrá iṣẹ́ abẹ. Ni ọ̀gá bá rí bákóòdù kan tó ṣẹ́kù sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ ti tẹ ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láti orí àpò kejì lọ, àmì èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni kálukú gbé. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ara mu sì ń pààyàn.

Kó pariwo ló kù. Ṣùgbọ́n ojú wo ni ọ̀gá pátápátá yóò fi wí pé òun ṣì í ṣe? Ó rún bákóòdù náà, ó gbé e mì bí oògùn.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi sáré padà dé.

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀ o. Ìyàwó yín ni wọ́n gbé dé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn. Dókítà ní ká tún àpò tá a mú fún wọn yẹ̀ wò, mo ní rárá, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Ó ti ń kán wọlé sí wọn lára."