Ọkùnrin Oníkóòtù Wá Wo Ata

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó sì de táì, wọ ṣọ́ọ̀bù náà láàárọ̀. Ó kí wọn dáadáa, ó yọ dígí asọ-nǹkan-di-ńlá lápò, ó sì kọjú sí pẹpẹ tí wọ́n to àwọn èròjà ọbẹ̀ gbígbẹ sí.

Lẹ́yìn káńtà, àyà oníṣọ́ọ̀bù já. Ìyá Gbogbo-ẹ̀-Wà ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, torí kò sí ohun téèyàn máa béèrè tí kò ní sọ pé ó wà. Lọ́jọ́ náà, èbu pàápàá wà. Òjò ti jò láti òrùlé sórí pẹpẹ, àwọn ata gbígbẹ, atalẹ̀ àti èso àjàrà gbígbẹ tó wà nínú ọ̀rá sì ti hu irun funfun bí òwú. Ó ti rí i. Ó kàn to àwọn tó dára síwájú, ó ti àwọn tó bu sẹ́yìn, ó ní bí òun bá ráyè, òun á kó wọn dànù. Àyè ò yọ.

Ẹni tí ejò bá sì bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Irú nǹkan báyìí làwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò oúnjẹ tìtorí ẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù oníyẹ̀fun tó wà lódìkejì títì pa, àgádágodo wọn ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tòun àti ọkọ rẹ̀ náà pa, níbo ni wọ́n ti máa jẹun? Níbo ni wọ́n tiẹ̀ ti máa sùn, nígbà tó jẹ́ pé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù nilé wọn?

Ó fa ọkọ rẹ̀ lápá aṣọ. "Dádì, wọ́n ti dé."

"Àwọn wo?"

"Àwọn aláyẹ̀wò. Ẹ ò rí kóòtù ni?"

Ọkọ rẹ̀ rí kóòtù.

Ẹlòmíì kan ṣoṣo ló tún wà nínú ṣọ́ọ̀bù, màmá àgbàlagbà kan tí wọn ò mọ̀ rí, tó ti dé ṣáájú oníkóòtù, tó ní ata lòun ń wò. Kò mú èyí tó wà níwájú. Ẹ̀yìn pẹpẹ ló ń nawọ́ sí, ó ń gbé ọ̀rá ata síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó sì ń dá a padà jẹ́jẹ́. Ìyá Gbogbo-ẹ̀-Wà ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó.

Oníkóòtù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọ̀rá kan. "Kí ni nǹkan funfun tó wà lára eléyìí?"

"Àgbọn ni, sà," ni Ìyá Gbogbo-ẹ̀-Wà dáhùn kíá. "Àgbọn tí wọ́n rin. Kì í jẹ́ kí ata náà ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun."

"Ìyàwó mi ò fẹ́ràn àgbọn," ni ọkùnrin náà wí. Ó mirí, ó sún síwájú.

Ìyá Gbogbo-ẹ̀-Wà sọ sétí ọkọ rẹ̀. "Dádì, ó ti mọ̀! Àwọn ọ̀gá báwọ̀nyí kì í sọ̀rọ̀ tààrà."

Oníkóòtù ń bọ̀ níbi èso àjàrà. Ọkọ oníṣọ́ọ̀bù yára fa ọ̀rá tó bu níbẹ̀ yọ. Aṣọ tó wọ̀ kò lápò, káńtà sì jìnnà, ló bá da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu. Oníkóòtù gbójú sókè, ó gbé dígí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ náà tó wú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé eyín ló ń dùn yín?"

"Eyín ni, sà," ni ìyàwó gbà á sọ. "Ó ti ń dà wọ́n láàmú, ọjọ́ ti pẹ́."

Ọkọ rẹ̀ gbé e mì tomijé tomijé. Ṣùgbọ́n ata tó bu ṣì kù, atalẹ̀ náà sì kù, èèyàn ò sì lè jẹ gbogbo ìyẹn tán. Bí oníkóòtù ṣe kẹ́yìn sí wọn, Ìyá Gbogbo-ẹ̀-Wà kó àwọn ọ̀rá náà mọ́ àyà, ó kúnlẹ̀ níwájú màmá náà.

"Màmá, ẹ dákun. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ bá wa fi ìwọ̀nyí sínú àpò yín títí ọ̀gbẹ́ni yìí á fi lọ. Ẹ bò wá láṣìírí."

Màmá wò ó. "Ṣé gbogbo èyí tó bu nìyí?"

"Ó ku ti ìsàlẹ̀, Màmá."

"Ẹ kó ti ìsàlẹ̀ náà wá. Ṣé ẹ ti tà nínú ẹ̀?"

"Díẹ̀ ni, Màmá. Látìgbà tí òjò ti jò."

Màmá kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá mímọ́ kan kó tó gbà wọ́n. Ó to ata lọ́tọ̀, ó to atalẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì pa àpò dé. Ìmọ́tótó àgbàlagbà yìí wú Ìyá Gbogbo-ẹ̀-Wà lórí. "Ẹ ó jèrè ọmọ, Màmá," ló ń wí, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Oníkóòtù wá síbi káńtà. Ó wúkọ́. Ọkọ dì mọ́ ìyàwó, ìyàwó dì mọ́ káńtà.

"Ẹ má bínú," ni ọkùnrin náà wí. "Mo ń lọ síbi ìgbéyàwó, ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ bá òun ra iyọ̀, mo sì gbàgbé gíláàsì ojú mi sílé. Dígí ìṣeré ọmọ mi ni mo ń lò yìí, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Èwo gan-an ni iyọ̀ níbí?"

Wọ́n fún un ní iyọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kí i kú ìnáwó. Nígbà tó lọ tán, ọkọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kérora. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Ìdùnnú gba gbogbo ara rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì nawọ́ sí àpò náà.

"Màmá, Ọlọ́run ló rán yín sí wa. Ẹ kó o wá, ká lọ sun ún níná."

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀yin ọmọ mi," ni Màmá wí, ó fi káàdì ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò oúnjẹ hàn wọ́n, "ọ̀rá kan péré ni wọ́n ní kí n mú wá láti ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ̀yin lẹ ní kí n kó gbogbo ẹ̀."