Ìgò Méjì Lórí Ọ̀pá

Ní Isuada, ọdún 1998, wọ́n ti fi táyà kọ́ Kúlísúmù lọ́rùn.

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti orí rẹ̀ sójú. Kẹrosíìnì tó tà lánàá ló bú gbàmù nínú àtùpà, ó sì jó ọmọbìnrin kan pa.

"Ẹ dúró," ni mo wí.

Ọlámúyìwá tó ṣáájú wọn mú ìṣáná lọ́wọ́. Kò wojú mi. "Ọ̀gá Ignatius, ẹ lọ jókòó. Àwa la máa ṣe é."

Mo so okùn mọ́ àárín ọ̀pá. Mo fi ìgò méjì tó dọ́gba kọ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Mo rọ kẹrosíìnì inú àgbá Kúlísúmù kún ọ̀kan. Mo rọ èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi rọ àtùpà náà kún èkejì.

"Ṣé ìdánwò la wá ṣe níbí ni?" Ọkùnrin kan láàárín èrò ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi igi gbá Kúlísúmù lẹ́nu.

Mo gbé ọ̀pá sókè. Ìgò Kúlísúmù lọ sílẹ̀, ti kẹ́ẹ̀gì gòkè.

"Pẹtiróòlù fúyẹ́ ju kẹrosíìnì lọ. Inú ìwé sáyẹ́ǹsì ni mo ti kà á. Pẹtiróòlù wà nínú kẹ́ẹ̀gì, kò sí nínú àgbá obìnrin yìí."

"Ta ló wá dà á síbẹ̀?" ni Ọlámúyìwá wí. "A ó pa á."

"Èmi ni. Kẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń tọ́jú pẹtiróòlù tí mo fi ń fọ irin alùpùpù ni. N kò yẹ inú rẹ̀ wò kí n tó fi rán Theresa lọ ra kẹrosíìnì."

Theresa lọmọ mi. Wọ́n ti sin ín láàárọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.