Òfin Ò Fẹ́ Kó Níyàwó

"Ṣé orí ti wálé, Màmá?" Akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ní ìlú Hobart gba ìwé ìbí lọ́wọ́ arúgbó náà. "Mo ṣáà sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá: òfin ò ní jẹ́ kí n pa 'ọkùnrin' tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n bí yín rẹ́ níbí kí n kọ 'obìnrin', àfi tẹ́ ò bá níyàwó mọ́."

"Mo rántí."

"Beryl ìyàwó yín fẹ́rẹ̀ẹ́ fi agboòrùn là mí lórí! Ó ní ẹ ò ní kọra yín láyé."

"A ò kọra wa."

"Kí wá lẹ mú wá?"

Arúgbó náà fa ìwé kan yọ nínú báàgì. Òrùka méjì ló wà níka rẹ̀, ọ̀kan há mọ́ ọn.

Ìwé ikú Beryl ni.

"Mi ò níyàwó mọ́," ó ní. "Tẹ òǹtẹ̀ ẹ."